Orin Ajigbèsè: Peter Garrett àti Ẹgbẹ́ Midnight Oil

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti tẹlifíṣàn lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2000, nígbà tí wọ́n ń kádìí ìdíje Òlíńpíìkì nílùú Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, bóyá ẹ ṣì rántí ọkùnrin kan. Ó ga fíofío, ó fárí kodoro, ó sì ń jó bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Kì í ṣe ijó rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ rántí o, aṣọ ara rẹ̀ ni. Aṣọ dúdú ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà funfun gàdàgbà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i, ọ̀rọ̀ tí àwa náà ti sọ di tiwa: sọ́rì.

John Howard, olórí ìjọba ilẹ̀ náà, wà láàrin èrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ ọkùnrin yìí pé kó dákun, kó tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ènìyàn dúdú tí òyìnbó bá lórí ilẹ̀ Ọsirélíà, nítorí àwọn ọmọ wọn tí ìjọba àtijọ́ ń já gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, tí wọ́n ń kó lọ fún àjèjì tọ́. Howard kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìran tó wà láyé lónìí kọ́ ló ṣe é. Ni àwọn olórin márùn-ún bá bọ́ sójú agbo, tí wọ́n fi aṣọ tọrọ àforíjì náà níṣojú gbogbo ayé.

Àwọn àgbà ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí. Àwọn olórin náà kò nàka sí Howard pé ìwọ lọ̀daràn. Ara tiwọn ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Òyìnbó ni wọ́n, ọmọ àwọn tó gba ilẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n tó ní kí ẹlòmíràn wá kúnlẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọkùnrin gíga yẹn, Peter Garrett, so táì mọ́rùn, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tó di ọdún 2007, wọ́n fi jẹ mínísítà. Láti ìgbà náà ni ẹnu ti ń kùn ún. Àwọn tó fi orin rẹ̀ dàgbà ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn tí kò fẹ́ràn orin rẹ̀ rí ní, “Ṣebí a sọ fún yín? Ariwo ẹnu lásán ni.” Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá gbọ́ orin ẹgbẹ́ Midnight Oil yékéyéké yóò rí i pé orin ajigbèsè ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe orin ológò tó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Ẹni tó bá sì ń kígbe ní gbangba pé “a jẹ gbèsè,” kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bó bá di ọjọ́ kan tó wọ yàrá tí wọ́n ń tọ́jú owó sí. Bó ṣe wọlé kọ́ ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó gbé mì nínú ilé náà ni, a ó sì dé ibẹ̀.

Ọmọ Sydney

Ìlú Sydney ni wọ́n ti bí Peter Garrett ní ọdún 1953. Ó kàwé dáadáa. Ó wọ yunifásítì ní Canberra, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè nínú ìmọ̀ òfin. Bó bá wù ú ni, ì bá ti di lọ́yà, kó máa gun mọ́tò olówó ńlá, kí a má sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ láéláé. Nígbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ló darapọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń ṣeré, Farm ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Rob Hirst ni onílù, Jim Moginie ń ta gìtá, ó sì tún ń tẹ dùùrù. Ní ọdún 1976 wọ́n yí orúkọ padà sí Midnight Oil, epo fìtílà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dòru máa ń jó.

Ojú Garrett rí màbo kó tó di olókìkí. Bàbá rẹ̀ kú, nígbà tó sì yá, ìyá rẹ̀ kú nínú iná tó jó ilé wọn, òun sì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Àwọn kan máa ń fi èyí túmọ̀ orin iná tí ẹgbẹ́ náà wá kọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbànújẹ́ ẹni kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ènìyàn lè máa fi ṣílẹ̀kùn orin ẹni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Garrett nìkan kọ́ ló ń kọ àwọn orin wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Hirst onílù àti Moginie ló gbé ìpìlẹ̀ wọn kalẹ̀. Ẹnu ni Garrett, ẹnu náà sì tóbi. Ṣùgbọ́n orí tó ń rò ó àti ọwọ́ tó ń lù ú, ti gbogbo wọn ni. Aráyé máa ń gbàgbé èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni yóò wúlò fún wa nígbà tí a bá ń ṣèdájọ́ rẹ̀.

Ohùn tí kò dùn

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ohùn Garrett kò dùn. Bí ẹ bá ń wá ohùn tó ń yọ̀ bí ilá, ẹ wá ibòmíràn lọ. Ohùn rẹ̀ le, ó gbẹ, ó dà bí ohùn ẹni tó ń pariwo iná lójúde. Nígbà mìíràn, kì í kọrin rárá, ó kàn ń sọ̀rọ̀ lé ìlù lórí ni. Ṣùgbọ́n àbùkù yìí gan-an ni wọ́n sọ di ẹwà. Ilé ọtí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré, ní etíkun apá àríwá Sydney, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ti òkun dé ti ń mu bíà tí wọ́n sì ń ta ara wọn nígbọ̀nwọ́. Nírú ibi bẹ́ẹ̀, ohùn dídùn kò lè dé ìlà kejì. Ohùn tó le bí irin nìkan ló lè là á já.

Nígbà náà, ètò kan wà lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní Countdown. Kò sí olórin Ọsirélíà tó fẹ́ kí rẹ́kọ́ọ̀dù òun tà tí kì í sáré lọ síbẹ̀. Midnight Oil kọ̀, wọn ò lọ. Ojú ọ̀nà àti ilé ọtí ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1978, èkejì ní 1979, ẹ̀kẹta ní 1981. Èyí tó jáde ní 1982, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ kíka nọ́ńbà láti mẹ́wàá wálẹ̀ dé oókan, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ju rọ́kẹ́ẹ̀tì, ló sọ wọ́n di ẹni ńlá nílé. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wí. Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù átọ́míìkì kò ti kúrò lẹ́nu Garrett mọ́.

Ní 1984 wọ́n gbé òmíràn jáde, Red Sails in the Sunset. Ẹ wo páálí rẹ̀: àwòrán ìlú Sydney lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bọ́ sí i, etíkun tó lẹ́wà náà ti gbẹ, ó ti di kòtò rúdurùdu. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú Labor fọwọ́ sí i pé kí ibi mẹ́ta máa wa yuréníọ̀mù lọ, ìyẹn ohun inú ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù àti iná mànàmáná. Inú bí àwọn kan, wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ láti tako bọ́ǹbù, Garrett sì dìde láti díje fún Ilé Aṣòfin Àgbà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn dìbò fún un, síbẹ̀ kò wọlé. Ní Ọsirélíà, olùdìbò kì í kàn mú ẹnì kan. Yóò tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, ẹni àkọ́kọ́, ẹnìkejì, ẹnìkẹta. Ìbò ẹni tó bá fìdí rẹmi á kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìbò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n gba ẹ̀yìn Garrett kọjá lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó rí i pé àwọn kan fẹ́ gba ẹgbẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, ó dìde kúrò nínú ìpàdé, kò sì padà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yuréníọ̀mù yìí pamọ́ sápò, a ó tún bá a pàdé.

Nínú aṣálẹ̀

Ọdún 1986 ni mo kà sí ọdún tí ẹgbẹ́ yìí dàgbà. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n bá ẹgbẹ́ eléré mìíràn rìn la aṣálẹ̀ àárín ilẹ̀ Ọsirélíà kọjá, wọ́n ń ṣeré ní abúlé àwọn onílẹ̀. Warumpi Band ni ẹgbẹ́ kejì náà, Papunya ni wọ́n ti wá, onílẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Midnight Oil ló lọ kọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ní orin o. Ní 1983, ọdún mẹ́ta ṣáájú, Warumpi Band ti gbé Jailanguru Pakarnu jáde, orin rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí rẹ́kọ́ọ̀dù ní èdè àwọn onílẹ̀. Wọ́n ti ní ẹnu tiwọn. Àwọn ará Sydney ló lọ sílé ẹ̀kọ́.

Kí ni wọ́n kọ́? Wọ́n gbọ́ ìtàn àwọn Pintupi. Láàrin ọdún 1950 sí 1970, ìjọba kó àwọn ènìyàn yìí kúrò ní aṣálẹ̀ ìwọ̀ oòrùn tí bàbá ńlá wọn ti ń gbé; wọ́n ń dán rọ́kẹ́ẹ̀tì wò lójú ọ̀run ibẹ̀. Papunya ni wọ́n kó wọn dà sí, láàrin àjèjì, àìsàn sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ní 1981 àwọn tó kù ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n padà sílé, wọ́n tẹ abúlé Kintore dó. Kò sí ẹni tó gbé ilẹ̀ náà fún wọn lórí àwo. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn padà sórí rẹ̀.

Ìtàn yìí ló wọ inú Beds Are Burning, orin tó ṣáájú nínú àwo Diesel and Dust ti ọdún 1987. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: fèrè idẹ dún gbì, gbì, gbì, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lóru. Lẹ́yìn náà ni ìlù wá ń rìn bí ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà eléruku. Nígbà tí Garrett máa lanu, kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí ilẹ̀ rẹ̀ gbé. Bí ọmọ ẹni tó jí i ló ṣe sọ̀rọ̀. Ohun tó ń wí fún àwọn ará ilé rẹ̀ ni pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe tiwa, ọjọ́ ìsanwó ti pé. Àkọlé orin náà sì mú ẹ̀rù wá: ibùsùn ló ń jó. Kì í ṣe ibùsùn àwọn onílẹ̀ o. Ibùsùn ẹni tó ń sùn nínú ilé onílé ni.

Ibí yìí ni mo rí ọgbọ́n ẹgbẹ́ náà. Ì bá rọrùn fún wọn láti gbé ohùn onílẹ̀ wọ̀ bí ẹ̀wù, kí wọ́n máa sunkún ẹkún ẹlẹ́kún. Wọ́n ṣe é rí, ìyẹn ni àbùkù The Dead Heart, orin inú àwo kan náà tí wọ́n kọ fún fíìmù nípa bí ìjọba ṣe dá àpáta Uluru padà fún àwọn tó ni ín ní 1985. Orin náà dùn, àwọn olórin náà sì ń fẹ́ ire, ṣùgbọ́n “àwa” inú rẹ̀, àwa onílẹ̀ ni, ẹnu òyìnbó ló sì ń sọ ọ́. Ó máa ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ. Nínú Beds Are Burning, “àwa” ti padà sí àyè rẹ̀. Ajigbèsè ń sọ̀rọ̀ bí ajigbèsè. Nítorí náà ni òótọ́ inú rẹ̀ ṣe le.

Orin náà rìn jìnnà. Ó dé ipò kẹfà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ipò kẹtàdínlógún ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan béèrè ìbéèrè tó tọ́: ta ló jèrè rẹ̀? Orúkọ Midnight Oil tàn ká ayé. Orúkọ Warumpi Band kò tàn débẹ̀. Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn tó tẹ́ni lọ́rùn, mi ò sì ní purọ́ pé ó ní. Mo kàn mọ̀ pé àwọn olórin náà kò gbàgbé rẹ̀, nítorí ọdún 33 lẹ́yìn náà wọ́n padà wá dáhùn rẹ̀ bí agbára wọn ṣe mọ.

Eruku àti epo

Ní 1990 wọ́n gbé Blue Sky Mining jáde. Orin tó ṣáájú nínú rẹ̀ dá lórí Wittenoom, ìlú kan ní apá ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà tí wọ́n ti ń wa ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù títí di ọdún 1966. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣúgà mọ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fa eruku náà símú, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn, ó sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. Garrett kọ orin náà bí òṣìṣẹ́ tó ń béèrè pé ta ni yóò gba òun bí ilé iṣẹ́ bá jáwọ́ lọ́rọ̀ òun. Ẹ fi èyí náà pamọ́ sápò.

Ọdún yẹn kan náà, lọ́jọ́ 30 oṣù karùn-ún, wọ́n gun orí ọkọ̀ akẹ́rù kan láàrin New York, wọ́n gbé e síwájú ilé iṣẹ́ Exxon, wọ́n sì ń ṣeré lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Ọkọ̀ òkun Exxon Valdez ti da epo sí òkun Alaska ní ọdún tó ṣáájú. Àwọn akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì wá wòran, ọlọ́pàá ń wò. Kì í ṣe orin nìkan ni Garrett ń ṣe nígbà náà. Òun tún ni ààrẹ Australian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún igbó, omi àti ẹranko, láti 1989 dé 1993, àti láti 1998 dé 2004. Ẹni tó bá ní ọdún 2004 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òṣèlú kò tẹ̀ lé ìtàn.

Ẹnu tó wọlé ìjọba

Ó fi ẹgbẹ́ olórin náà sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2002. Ní 2004 ó wọ ilé aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Labor, ó ń ṣojú Kingsford Smith ní Sydney. Àní Labor kan náà tó bá jà lórí yuréníọ̀mù ní ogún ọdún ṣáájú! Nígbà tí Labor gba ìjọba lọ́dún 2007, Kevin Rudd fi í ṣe mínísítà fún àyíká, ohun àjogúnbá àti iṣẹ́ ọnà.

Ẹ jẹ́ ká ka èyí tó dára ná, nítorí pé àwọn tó ń bú u kì í kà á. Lọ́jọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2008, Rudd dìde nílé aṣòfin, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ tí wọ́n kó lọ́mọ lọ. Ọ̀rọ̀ ara aṣọ ọdún 2000 di ọ̀rọ̀ ẹnu ìjọba, Garrett sì wà nínú ìjọba náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ó kọ̀wé pé kò gbọdọ̀ sí ìsédò tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí odò Mary ní Queensland, nítorí ẹja àti alábahun tí kò sí níbòmíràn. Ìkọ̀wé kan ṣoṣo ló fi dá iṣẹ́ ńlá náà dúró, ohun tí ẹgbẹ̀rún orin kò lè ṣe. Ní 2010, ìjọba wọn pe Jàpáànì lẹ́jọ́ sí Kóòtù Àgbáyé lórí àbùùbùtán tí wọ́n ń pa nínú òkun gúúsù. Ọsirélíà jàre ní 2014.

Ó wá ku èyí tó korò. Ní 2007, níbi àpérò ẹgbẹ́ Labor, wọ́n fẹ́ yí òfin ibi mẹ́ta náà padà kí wọ́n lè wa yuréníọ̀mù sí i. Garrett tako ó, wọ́n sì borí rẹ̀. Ó gbà fún ẹgbẹ́. Ní 2009 òun fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mínísítà, ló buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n la ibi tuntun kan, Four Mile, ní South Australia. Ó ní òun ti fi májẹ̀mú ààbò tó lágbára sí i. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ tó di makirofóònù mú ní 1984 náà ló di kálàmù yìí mú.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Ní 2009, nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀, ìjọba ní àwọn yóò fi ohun tí ń dí ooru àti òtútù lọ́wọ́ sí àjà ilé àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí iṣẹ́ lè wà, kí iná mànàmáná tí wọ́n ń lò sì dín kù. Ètò náà wà lábẹ́ Garrett. Owó pọ̀, wọ́n ń kánjú, àwọn tí kò mọṣẹ́ sì ya wọ inú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, ló kú nínú àjà ilé. Iná mànàmáná gbé mẹ́ta, ooru pa ẹ̀kẹrin. Ní oṣù kejì ọdún 2010 wọ́n dá ètò náà dúró, wọ́n sì já apá kan iṣẹ́ Garrett gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá gbọ́ pé ó ti kọ lẹ́tà sí olórí ìjọba lórí ewu inú ètò ọ̀hún. Ní 2014, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba tú gbogbo rẹ̀ wò.

Ẹ wá yọ ohun tí ẹ fi pamọ́ sápò. Ọkùnrin tó kọ orin fún òṣìṣẹ́ tí eruku pa ní Wittenoom, lábẹ́ rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kú sínú àjà ilé. Mi ò sọ èyí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé òun ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin iṣẹ́ méjèèjì. Bí orin bá kùnà, etí ni yóò ro ẹni tó gbọ́ ọ. Bí iṣẹ́ ìjọba bá kùnà, ilé ẹnì kan yóò ṣọ̀fọ̀. Olórin lè sọ ìdá kan ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ kó dún bí agogo. Mínísítà kò ní agogo; ó ní fáìlì, ó ní ẹlẹgbẹ́, ó ní olórí tó lè má ka lẹ́tà rẹ̀ tán.

Ṣé ọ̀dàlẹ̀ wá ni? Rárá. Ẹni tó dalẹ̀ ni ẹni tó sọ pé gbèsè kò sí mọ́. Garrett kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́. Nígbà tó wà ní olórin, “àwa” rẹ̀ ń bu ẹnu àtẹ́ lu ara wa. Nígbà tó di mínísítà, “àwa” rẹ̀ di ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ náà sì ní kó máa gbé ọ̀rọ̀ mì. Lórí yuréníọ̀mù, ó yẹ kó fipò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé e kúrò nílé lákọ̀ọ́kọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré tí ènìyàn lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó rò pé bí òun bá dúró, òun á rí ohun mìíràn gbà. Ó sì rí i gbà lóòótọ́: odò Mary ń ṣàn. Àmọ́ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu rẹ̀ pàdánù ẹnu náà fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó lè kà iye tí ìyẹn jẹ́.

Ìgbà tó padà dé

Ó fi òṣèlú sílẹ̀ ní 2013, lẹ́yìn tó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ó kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 2015, ó sì ṣe àwo orin tara rẹ̀ ní 2016. Ní 2017 Midnight Oil tún pé jọ, wọ́n yí ayé ká. Ó ṣeé ṣe kí àwọn èrò sú u kúrò lórí pèpéle. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá a gbe orin. Mo rò pé ohun tó fà á ni pé orin ajigbèsè kì í bàjẹ́ mọ́ akọrin lẹ́nu bí orin ológò. Bí ológò bá jẹ gbèsè, ẹnu rẹ̀ wọ̀. Ajigbèsè tó tún jẹ gbèsè sí i kàn ní ohun tó pọ̀ sí i láti jẹ́wọ́ ni.

Ní 2020 wọ́n gbé The Makarrata Project jáde. Makarrata jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn Yolngu, ìlàjà lẹ́yìn ìjà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Níbí ni wọ́n ti dáhùn ìbéèrè ọdún 1987. Garrett sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn onílẹ̀ sì gba makirofóònù: Jessica Mauboy, Dan Sultan, Kev Carmody àti àwọn mìíràn. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó gbọ́ gìtá Sammy Butcher pẹ̀lú, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Warumpi Band sílẹ̀ ní Papunya. Kì í ṣe àwo orin wọn tó dùn jù lọ. Òun ló tọ́ jù lọ. Àwo tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, Resist, jáde ní 2022, wọ́n sì ṣe eré ìdágbére wọn ní Sydney ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Ọdún kan lẹ́yìn ìdágbére yẹn, lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Ọsirélíà dìbò lórí ìbéèrè kan: ṣé kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ilẹ̀ pé àwọn onílẹ̀ yóò ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn? Nínú olùdìbò mẹ́wàá, bíi mẹ́fà ló ní rárá. Kò sí ìpínlẹ̀ kankan tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan nínú àwọn tó ní rárá yìí ti jó sí Beds Are Burning níbi ìgbéyàwó, níbi bọ́ọ̀lù, nínú mọ́tò.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé kí ni gbogbo ariwo ọkùnrin gíga yìí ṣe, èsì mi kò gùn. Olórin kò lè san gbèsè orílẹ̀-èdè. Garrett gbìyànjú rẹ̀ láti inú, ó san díẹ̀, ó sì jẹ òmíràn lé e. Ohun tí olórin lè ṣe ni kó má jẹ́ kí ajigbèsè sùn. Fèrè idẹ yẹn ṣì ń dún lórí rédíò nílé wọn títí di òní, gbì, gbì, gbì, ẹni tó wà lórí ibùsùn sì mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.